Bẹ́ ẹ ṣe máa gba pámíìtì káńsù kẹ́ ẹ tó ta kánópì sójú títì l'Ékòó

Ẹnìkan fẹ́ ṣe òkú bàbá ẹ̀, ẹlòmíì fẹ́ ṣe ìkómọ, inú ilé ò gba èèyàn, owó họ́ọ̀lù ti ga ju ara lọ, ibi tó kù náà ni ojú títì. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ò ju pé kí wọ́n fún àwọn ọmọ àdúgbò ní nǹkan, kí wọ́n dẹ̀ ta lándílọ́ọ̀dù méjì mẹ́ta lólobó, ó parí, kánópì ti dúró láàárọ̀ Sátidé. Ó wá di ọ̀sán, ìrẹsì ti ń hó lórí iná, àwọn tó wọ ẹgbẹ́jọdá ti ń wọlé, ni mọ́tò káńsù á yọ, wọ́n á ní "ta ló nìnáwó, ẹ gbé pámíìtì yín wá." Iye tẹ́ ẹ máa san lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀, ó lè ju iye tí pámíìtì fúnra ẹ̀ jẹ́ lọ dáadáa, ojú á dẹ̀ tún máa tì yín níwájú àna.

Èmi ni mo máa ń bá wọn kọ lẹ́tà ní CDA àdúgbò wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí, kẹ́ni tó bá ń bi mí lè rí i kà. Èkó ni mò ń sọ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè mú púpọ̀ nínú ẹ̀ lò torí òfin ilẹ̀ kan náà ló dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ orúkọ àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí mo máa dá máa yàtọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ṣé káńsù tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan gbà pé jìbìtì lásán ni, kìí ṣe jìbìtì. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú àfikún ẹ̀ kẹrin, ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì, páàkì àti ilẹ̀ gbalasa tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ìtẹ́ òkú, ọjà, gáréèjì, kíkó ìdọ̀tí, fífún àdúgbò lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé, ọwọ́ wọn ni gbogbo ẹ̀ wà. Owó tí wọ́n lè gbà náà wà lákọsílẹ̀. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1998, tó pín owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́wọ́ aráàlú, fi owó àríyá àti dídí ọ̀nà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Èkó náà ṣe àkọsílẹ̀ tiẹ̀ ní 2010. Torí náà tẹ́nìkan bá dárúkọ owó kan tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, ẹ ní kó fi hàn yín nínú ìwé owó káńsù. Owó dídí ọ̀nà wà níbẹ̀. Owó "ẹ rí sí àwọn bọ́ìsì" ò sí níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni títì yẹn

Ibí ni wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ jù, wọ́n á ti sanwó kánópì, wọ́n á ti san ti olórin, kí wọ́n tó wá béèrè. Títì ò dọ́gba. Ti ìjọba àpapọ̀ wà, bí Ìkòròdú Road, bí Lagos-Abẹ́òkúta Expressway, bí ọ̀nà Badagry. Kò sí alága káńsù kankan tó lè fọwọ́ sí ìyẹn fún yín, tó bá ní òun lè fọwọ́ sí i ẹ sá. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà, àwọn títì ńlá tó gbé èèyàn láti àdúgbò kan bọ́ sí òmíì, tó ní bọ́sítọ́ọ̀pù, tó ní iná tráfíìkì, tí àwọn LASTMA máa ń dúró lórítá ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni títì inú àdúgbò, òun nìkan ni pámíìtì káńsù ràn.

Bí mo ṣe máa ń sọ fún wọn ni pé tí dáńfó bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ gbàgbé ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó ń gbé àdúgbò, kẹ̀kẹ́ márúwá àti ọ̀kadà ló ń gbà á, ẹ lè gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ ẹ tún wo nǹkan méjì kan. Àkọ́kọ́, ṣé títì yẹn ò ti di ibi tí mọ́tò máa ń bọ́ sí tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá wà ní títì ńlá? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ti káńsù, wọ́n lè ní rárá, tí wọn ò bá dẹ̀ ní rárá, àwọn onímọ́tò á bú yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èkejì, ṣé ilé ìwòsàn, ilé epo, tàbí ibùdó panápaná wà níbẹ̀? Tó bá wà, ẹ wá ibòmíì, ẹ má kọ lẹ́tà rárá.

Àdúgbò tó jẹ́ Close, tí ò ní ju ẹnu kan lọ, tún wá yàtọ̀. Ẹ ò lè gbé kánópì sí ẹnu ẹ̀, torí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ lẹ́ ẹ tì mọ́lé yẹn. Inú lọ́hùn-ún, lápá ibi tí títì ti parí, lẹ máa gbé e sí.

Káńsù wo lẹ máa lọ?

Èkó ní 57. 20 jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú òfin ilẹ̀, 37 tó kù jẹ́ LCDA, ìyẹn àwọn káńsù kéékèèké tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Ẹjọ́ LCDA yẹn tiẹ̀ dé Supreme Court nígbà náà, àríyànjiyàn lórí ẹ̀ ò dẹ̀ tíì tán pátápátá, àmọ́ ìyẹn ò kan ìnáwó yín: LCDA tó wà lágbègbè yín ló ń gbowó, òun náà ló ń fọwọ́ síwèé.

Àṣìṣe tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní "Alimosho là ń gbé" wọ́n á gba ọ́fíìsì Alimosho lọ, bẹ́ẹ̀ Agbado/Oke-Odo ni títì wọn wà, tàbí Egbe-Idimu, tàbí Ayobo-Ipaja. Surulere náà bẹ́ẹ̀, Itire-Ikate àti Coker-Aguda wà níbẹ̀. Kò ṣòro láti mọ̀: ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lórígun títì yín, ẹ wo ara ògiri lẹ́yìn ẹni tó ń tajà, pámíìtì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ káńsù àti àmì ẹ̀ á hàn gàdàgbà lókè.

CDA àtàwọn aládùúgbò ṣáájú káńsù

Káńsù ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ síwèé tán káwọn aládùúgbò wá máa fẹjọ́ sùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa bi yín ni pé "kí ni CDA yín sọ?" Ẹ lọ bá alága tàbí akọ̀wé CDA, ẹ mú nǹkan díẹ̀ dání tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ìlà kan lórí lẹ́tà pé wọ́n mọ̀ sí i, pẹ̀lú sítáǹpù. Àṣẹ CDA ò lè dípò pámíìtì o. Àwọn alága kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ló ni títì, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ irú ẹ̀, ẹ ṣe "ẹ ṣé sà", ẹ gba sítáǹpù yín, kẹ́ ẹ kọrí sí káńsù.

Ẹ wá lọ sílé tó dojú kọ ibi tí kánópì máa wà, lójúlé lójúlé. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ṣàlàyé ọjọ́ àti àsìkò, ẹ bi wọ́n léèrè nǹkan tí ẹnikẹ́ni kìí rántí béèrè: ṣé aláìsàn wà nílé yín? Ṣé aboyún tó ti fẹ́ bí wà níbẹ̀? Ṣé ẹnìkan ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ yẹn tó nílò kí mọ́tò ẹ̀ jáde láàárọ̀? Mọ́ọ̀mì kan ládùúgbò wa máa ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, Sátidé wà nínú ọjọ́ wọn, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta kánópì ló ti mọ̀ báyìí pé iwájú géètì wọn ò ṣeé dí. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ síwèé kan, orúkọ, nọ́ńbà ilé, ìfọwọ́sí, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bá wà nítòsí, ẹ sọ fún wọn náà, ká má wá di pé wọ́n ń kírun tí sípíkà yín ń ké.

Lẹ́tà yẹn gan-an

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń fi kọ ọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ ilé tó mọ̀wé bá yín tú u, àmọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ rèé:

"Sí Alága Káńsù, nípasẹ̀ Council Manager. Ìtọrọ àṣẹ láti dí apá kan títì (orúkọ títì) fún ayẹyẹ. Èmi (orúkọ), tó ń gbé ní nọ́ńbà báyìí, ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tọrọ àṣẹ láti gbé kánópì mẹ́rin sójú títì wa, láti iwájú nọ́ńbà 14 dé iwájú nọ́ńbà 22, ní Sátidé ọjọ́ báyìí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fún ayẹyẹ ìsìnkú bàbá wa. A ó fi àyè tí mọ́tò kan lè gbà sílẹ̀ lápá ọ̀tún títí ayẹyẹ á fi parí. Àwọn tó ń kọjá lè gba títì (orúkọ) jáde sí (orúkọ). Ìwé táwọn aládùúgbò fọwọ́ sí wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. A ó gbálẹ̀, a ó sì kó ìdọ̀tí kúrò kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹni tẹ́ ẹ lè pè lọ́jọ́ náà ni (orúkọ àti nọ́ńbà fóònù)."

Ẹ rí i pé mi ò kọ "a fẹ́ dí títì wa." "Láti nọ́ńbà 14 dé nọ́ńbà 22" ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè fọwọ́ sí i, torí ẹni tó ń ka lẹ́tà lè fojú inú rí i. Ẹ fi bírò ya títì yẹn sórí ìwé pélébé kan, ibi tí kánópì wà, ibi tí mọ́tò máa gbà, orítá méjèèjì, kò pọn dandan kó rẹwà. Ẹni tó fọwọ́ síwèé náà gbọ́dọ̀ wà nílùú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ fún òkú bàbá, ẹ yan ẹnìkan ṣoṣo nílé tí orúkọ ẹ̀ máa wà lórí gbogbo ìwé. Tó bá jẹ́ pé bùrọ̀dá gba lẹ́tà, àǹtí sanwó, ìyàwó àbúrò ló mú risíìtì, ẹ máa wá risíìtì yẹn tì lọ́jọ́ tó yẹ kó jáde.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan fún wọn, èkejì kí wọ́n lu sítáǹpù "a ti gbà á" sí i pẹ̀lú ọjọ́, kẹ́ ẹ mú u lọ sílé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé káńsù

Ẹ lọ láàárọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀sán Fráìdè, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ ìnáwó, torí lẹ́tà máa ń rìn láti tábìlì dé tábìlì, tí ẹnìkan tó yẹ kó fọwọ́ sí i bá lọ sí ìpàdé, ibẹ̀ ló máa wà. Tẹ́ ẹ bá mọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ sọ fún un, kìí ṣe kó gba ẹ̀yìn gbé e wọlé, kó ṣá lè máa bá yín bèèrè ibi tó dé.

Wọ́n lè rán ẹnìkan wá wo títì yẹn. Ojú tó máa fi wò ó ò ju ibi tí mọ́tò máa gbà jáde lọ. Ẹ mú u lọ síbẹ̀, ẹ fi tépù wọn ọ̀nà lójú ẹ̀. Mọ́tò panápaná fẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀, torí náà ẹ fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ láìsí àga, láìsí òpó kánópì, láìsí jẹnẹrétọ̀ kankan nínú ẹ̀. Tí títì yín bá fẹ̀ tó mítà mẹ́fà, á jẹ́ pé ìlàjì ló kù fún yín nìyẹn, kánópì á tò sápá kan ṣoṣo. Ẹ sọ ọ́ fún alákánópì kó tó kó ẹrù wá, torí òun máa ń fẹ́ ta á kó kan ògiri dé ògiri.

Ó kan owó. Káńsù kan ò dà bí èkejì, iye náà tún ń yí padà, torí náà ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín sórí ìwé, ohun tí wọ́n ń pè ní demand notice. Ẹ san án sí àkáùntì káńsù ní báńkì tàbí bí ìwé yẹn bá ṣe ní kẹ́ ẹ san án. Ẹ má ká owó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó wọ ṣúútù tó, bó ti wù kó ní "mo máa bá yín sáré ẹ̀." Tí risíìtì bá dé, ẹ wo nǹkan mẹ́rin lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú wíńdò: orúkọ káńsù tó tọ̀nà, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i, ọjọ́, àti ohun tí owó wà fún. Mo ti rí risíìtì ẹnìkan tí wọ́n kọ "owó ṣọ́ọ̀bù" sí, ìnáwó ló lọ sanwó fún. Lọ́jọ́ Sátidé ìwé yẹn ò wúlò fún nǹkankan.

Risíìtì náà kìí ṣe pámíìtì o. Ẹ dúró gba lẹ́tà ìfọwọ́sí, ẹ ya fọ́tò méjèèjì, ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta nínú mọ̀lẹ́bí.

Ọlọ́pàá, ariwo, pósítà, igi

Ẹ mú ẹ̀dà pámíìtì lọ fún DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tó wà nítòsí, kí wọ́n ṣá mọ̀. Tó bá jẹ́ ayẹyẹ ńlá tí ẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tàbí tí èrò á pọ̀ gan-an, ti ìnáwó mọ̀lẹ́bí ti kọjá nìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ Lagos State Safety Commission.

Ariwo ló ń fa ìjà jù ládùúgbò. LASEPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó wà fún ọ̀rọ̀ àyíká, ló ń mójú tó o, ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà níbi táwọn èèyàn ń gbé ni dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Ká sòótọ́, ẹgbẹ́ olórin tó ní gángan márùn-ún ò lè wà nínú 55. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ kọjú sípíkà sínú kánópì, kó má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ dẹ̀ pa á lásìkò tẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà. Aago mẹ́fà tẹ́ ẹ kọ, mẹ́fà náà ni. Olórin tó bá ń retí owó níná á fẹ́ máa ṣeré lọ, ẹ ti bá a sọ ọ́ kó tó dọjọ́ yẹn.

Pósítà òkú tí wọ́n máa ń lẹ̀ sára bíríìjì àti òpó iná, tàbí bánnà tí wọ́n ta kọjá títì, kò sí nínú pámíìtì yín. LASAA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 ló ń mójú tó pátákó àti pósítà tó wà níta. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé yín, ìyẹn ti tó, ẹni tó bá fẹ́ wá á wá. Tí ẹ̀ka igi ojú títì bá ń dí kánópì, ẹ má gé e, ẹ sún kánópì síwájú, torí LASPARK, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó páàkì àti igi, lẹ máa tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó lè gé igi, ìyẹn á tún gba àsìkò tiẹ̀.

Lọ́jọ́ náà

Ẹ lẹ pámíìtì mọ́ òpó kánópì àkọ́kọ́, nínú ọ̀rá, ibi tí ẹni tó ń bọ̀ á ti rí i. Kí ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú lẹ́tà má pa fóònù, kó má dẹ̀ jókòó sídìí ìlù tí ò ti ní gbọ́ ọ.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Àwọn ọmọ tó ń ta kánópì máa ń gbé irin gbọọrọ kan tí ẹnu ẹ̀ ṣómúṣómú dání, wọ́n á fi òòlù gbá a wọnú ọ̀dà, gbàà gbàà gbàà, igun mẹ́rin kánópì, irin mẹ́rin. Tí wọ́n bá fà á yọ nírọ̀lẹ́, ihò kékeré á wà níbẹ̀, ẹ ò ní kà á sí. Òjò á rọ̀, omi á wọ̀ ọ́, táyà á máa tẹ̀ ẹ́, kí ọdún tó yí ibẹ̀ ti di kòtò, ẹ̀yin kan náà lẹ máa dá owó kọnkéré. Ẹ sọ fún alákánópì pé kó mú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n da kọnkéré sí wá, tàbí àpò yanrìn, kó so okùn mọ́ ọn. Wọ́n ní in, ó kàn ń wúwo fún wọn láti gbé ni. Káńsù tó mọṣẹ́ máa ń kọ ọ́ sínú pámíìtì pé ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ́ títì.

Iná igi náà bẹ́ẹ̀. Àdògán mẹ́ta lórí ọ̀dà látàárọ̀ dọ̀sán, ọ̀dà á rọ̀, á wú, á fọ́. Ẹ dáná nínú kọ́ńpáàùndì tàbí lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀. Tí kò bá sí ààyè, ẹ lo gáàsì, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.

Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024, ní July 2025 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin ṣẹ lórí àwọn ife, síbí àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan dànù. Ẹ lọ rẹ́ǹtì abọ́ tó ṣeé fọ̀, ó tiẹ̀ tún yẹ òkú àgbà jù.

Tí mọ́tò bá fẹ́ kọjá, ẹ yan ọmọkùnrin méjì tí ò mutí kí wọ́n máa darí ẹ̀. Tí àńbúláǹsì bá dé, ẹ dá orin dúró, ẹ gbé àga, kí gbogbo èèyàn dìde. Ẹ ti sọ ọ́ fún MC ṣáájú.

Nígbà tí kánópì bá wálẹ̀

Ẹ pe PSP tó ń kó ìdọ̀tí títì yín bí ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìnáwó, ẹ ní ẹrù máa pọ̀, ẹ bèèrè iye tí wọ́n máa gbà àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá. LAWMA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó wà fún ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ló ń yàn wọ́n, títì kọ̀ọ̀kan ló dẹ̀ ní tiẹ̀. Ẹ má fún ọlọ́mọlanke, òfin ò gbà á, ibi tó máa dà á sí ò ju kánà tó wà lẹ́yìn ilé ẹlòmíì lọ. Ẹ ra àpò dúdú ńlá sílẹ̀, ẹ ya ìgò àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà sọ́tọ̀, àwọn tó ń rà á á wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́.

Omi ọṣẹ, òróró tẹ́ ẹ fi dín nǹkan àti ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò kìí ṣe ti gọ́tà. Òróró á dì, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ọn, òjò ńlá kan á fi hàn yín. Ẹ bu òróró padà sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ sẹ́ ìrẹsì sínú àpò. Ẹ ṣí gọ́tà iwájú ilé yín lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì kó ohun tó bá já síbẹ̀, ẹ má kó o jọ sẹ́bàá ẹ̀ láti gbẹ o, torí òjò á tún gbé e padà. Onílé ló ni ìmọ́tótó gọ́tà iwájú ilé ẹ̀, káńsù ò ní wá gbẹ́ ẹ fún un, wolé-wolé á kàn wá fún un ní nótíìsì ni. Tẹ́ ẹ bá rí nótíìsì yẹn gbà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ ya fọ́tò, ẹ mú un lọ fi hàn wọ́n ní ẹ̀ka ìmọ́tótó káńsù kọ́jọ́ tó pé. Ẹni tó bá fi nótíìsì há abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa pè é sí.

Ẹ ya fọ́tò títì lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbá a tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé CDA.

Tí wọ́n bá ṣì wá dà yín láàmú

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan dé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán, kí wọ́n ní táàsì fọ́ọ̀sì làwọn. Ẹ má bá wọn pariwo. Ẹ bá wọn bọ́ sápá kan, ẹ fi pámíìtì àti risíìtì hàn wọ́n, ẹ dẹ̀ ní kí wọ́n fi káàdì iṣẹ́ wọn hàn yín. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ má jẹ́ kí ojúlówó kúrò lọ́wọ́ yín. Òfin 1998 tí mo sọ lókè yẹn tiẹ̀ tún sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé róòdù bílọ́ọ̀kì torí pé ó fẹ́ gba owó orí tàbí owó kankan. Ẹni tó bá dúró lórítá tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àlejò yín, òfin ò gbà á láyè.

Tí wọ́n bá ní pámíìtì yín kù díẹ̀ káàtó, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó kù sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ka wọn. Ọ̀pọ̀ á kúrò níbẹ̀ ni, wọn ò ní kọ nǹkankan. Tí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ gbà á, ẹ padà sídìí ìnáwó yín, kẹ́ ẹ mú un lọ bá Council Manager lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Fọ́tò risíìtì àti lẹ́tà tó ní sítáǹpù tó wà nínú fóònù yín lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.